Ìlẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Bí ẹbí kan bá ti Lọ́ńdọ̀nù dé sí Igbó-Ọrà, fọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ ń tú jáde nínú báàgì. Ẹ ó rí Big Ben, ẹ ó rí ààfin Buckingham, ẹ ó rí ìbejì wa nínú kóòtù kan náà lórí afárá odò Thames, tí òtútù ń gbọ̀n wọ́n. Kò burú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ kan wà ní ìlú yẹn tí ó yẹ kí ọmọ Yorùbá rí ṣáájú aago kankan, n kò sì tíì bá a nínú fọ́tò ẹnikẹ́ni.

Ìlẹ̀kùn ni. Ọlọ́wẹ̀, ará Ìsẹ̀ ní Èkìtì, ló gbẹ́ ẹ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Ní 1924 wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ni ojú àwọn aláṣẹ British Museum bá wọ̀ ọ́. Ọba kò gbà láti tà á. Ohun tó gbà ni pé kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́. Ní apá kan, ọba jókòó, adé ń bẹ lórí rẹ̀, olorì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń bọ̀ wá kí i. Èèyàn ló gbé e, òun náà sì ká ara jọ bí ẹrù tí wọ́n dì. Ẹ̀fẹ̀ nìyẹn lójú tèmi, ẹ̀fẹ̀ tó mú bí abẹ! Agbẹ́gilére ò bú ẹnikẹ́ni o. Ó kàn jẹ́ kí a mọ ẹni tó jókòó nílé ara rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n gbé wá. Àwọn ère náà yọ síta lára pákó débi pé ó dà bíi pé wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn kan ní pàṣípààrọ̀ ni, kì í ṣe ìkógun bíi ti Benin ní 1897, nítorí náà kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. N kò gbà tán. Nígbà tí ìjọba tó ń pàṣẹ fún ọba bá ń fẹ́ nǹkan, báwo ni ọba ṣe lè sọ pé rárá lẹ́ẹ̀mejì? Káfíńtà mìíràn lè ṣe ìtẹ́ mìíràn. Ta ni yóò gbẹ́ ìlẹ̀kùn yẹn?

Láti 2001, ìsàlẹ̀ ilé ni mùsíọ̀mù náà kó ohun ilẹ̀ Áfíríkà sí. Kí àwọn ọmọ tó dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ ti ń ro wọ́n nídìí òkú àwọn ará Íjíbítì lókè. Owó ìwọlé kò sí. Ẹni tó bá ń lọ, kó béèrè ìlẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́, kó sì bi àwọn ọmọ rẹ̀ léèrè: nínú àwọn méjèèjì, ta ni àlejò?