Ta Ló Ni Pẹ́ńsù Náà?

Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan ní ilẹ̀ wa: ṣé kí tíṣà kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ya nǹkan ni, àbí kí ó fi ọmọ sílẹ̀ kó ya ohun tó wà nínú rẹ̀? Olùkọ́ méjì ló dá iyàn yìí sílẹ̀. Mo fẹ́ dá sí i.

Àìná Onabolu ni àkọ́kọ́, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882. Ní 1906, kó tó fojú kan ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan, ó ti ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní London ní 1920, nígbà tó sì dé, ó ń ti ilé ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú ìwé, àti bí òjìji ṣe ń tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀. Òun náà ló bẹ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ kún un. Ní 1927, Kenneth Murray dé láti Ìlú Ọba.

Èrò Murray yàtọ̀ pátápátá. Ó ní kí wọ́n má fi ọgbọ́n àwòrán àwọn Òyìnbó di ẹrù lé ọmọ lórí. Kí ọmọ wo ère, ìkòkò àti aṣọ híhun ìlú rẹ̀. Ó dùn létí. Ní 1937, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ márùn-ún nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ní London, Ben Enwonwu wà lára wọn. Ẹni tó bá sì ti dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan mọ̀ pé Murray jà fún ohun ìní wa.

Síbẹ̀, mi ò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ó rò pé òun ń fún àwọn ọmọ lómìnira, àmọ́ ìlẹ̀kùn kan ló tì mọ́ wọn. Ní 1944, Enwonwu fúnra rẹ̀ kọjá sí Ìlú Ọba, ó sì kàwé ní Slade. Bí ohun tí wọ́n ní kó má kọ́ kò bá wúlò, kí ló wá lọ síbẹ̀? Onabolu náà ní àlèébù tirẹ̀ o: àwọn ọlọ́lá Èkó ló pọ̀ jù nínú àwòrán rẹ̀, ère àwọn baba wa kò sì jọ ọ́ lójú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ ló fi lé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ sì lè fi irinṣẹ́ ṣe ohun tí tíṣà kò rò.

Ẹ wo Yusuf Grillo. Yábàá kò jìnnà sí Jíbówú wa, níbẹ̀ ló sì ti darí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba College of Technology fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Zaria ló ti kẹ́kọ̀ọ́, ní 1958 sì ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ dá Zaria Art Society sílẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò mú èyí tó dára nínú tilé àti toko. Àwọn obìnrin inú àwòrán rẹ̀ gùn, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì dúdú bí aró aládìrẹ. Ẹni tí kò mọ bí egungun èèyàn ṣe tò kò lè fa ara gùn báyẹn kó má wó.

Ní kíláàsì wa, ọmọkùnrin kan ya bọ́ọ̀sì ńlá tó ń gbéra ní gáréèjì Jíbówú lọ sí Ìlà-Oòrùn. Ẹrù orí rẹ̀ tóbi ju bọ́ọ̀sì lọ. Tíṣà tó kọ́kọ́ rí i gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi rúlà tún un ṣe, ó wá dà bí àwòrán inú kàlẹ́ńdà. Nígbà tó yá, tíṣà mìíràn dé. Ọmọ náà tún un yà, ẹrù tún tóbi. Wọ́n bi í pé kí ló dé. Ó ní bó ṣe máa ń rí lójú òun nìyẹn tí màmá òun bá ń rìnrìn àjò. Wọn ò ní kó dín in kù. Wọ́n kọ́ ọ bí táyà ṣe ń tẹ̀ tí ẹrù bá wúwo, àti ibi tí òjìji yóò bọ́ sí.

Tíṣà yìí sọ fún wa nígbà kan pé tí àwọn bá ń rìn yí kíláàsì ká, ẹ̀yìn ni àwọn ń ká ọwọ́ sí, kí ọwọ́ má baà lọ gba pẹ́ńsù ẹlòmíràn.

Àwọn òbí kan máa ń bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn ò fi ń tún àwòrán àwọn ọmọ ṣe kó mọ́ tónítóní. Àwòrán bọ́ọ̀sì náà wà lára ògiri. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo àwọn táyà rẹ̀ ná.