Ta Ló Ni Ohùn Àjàní?

Ẹni tó bá ti ka ìwé kó tó wo fíìmù rẹ̀ kì í lè jókòó jẹ́ẹ́. Á máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu òṣèré, á ní ọmọbìnrin yìí pupa ju èyí tóun mọ̀ lọ, á ní ibi tó dùn jù ni wọ́n fò. Wọ́n yọ eléyìí, wọ́n fi tọ̀hún kún un: ẹjọ́ tí wọ́n máa ń rò nìyẹn, èmi ò sì kà á sí ẹjọ́ gidi. Ìwé ò lè wọ inú fíìmù láìjẹ́ pé wọ́n gé e. Ìwé máa ń fi ojú, aṣọ àti ohùn ẹ̀dá-ìtàn sílẹ̀ kí òǹkàwé fọkàn ya wọ́n fúnra rẹ̀. Olùdarí fíìmù ò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, ó di dandan kó mú ọ̀kan. Èyí tó bá mú ló ń fi bí ìwé náà ṣe yé e hàn wá.

Ẹ jẹ́ ká mú Ó Le Kú, ìwé tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé girama ti gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ kà títí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ fi já. Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé e jáde lọ́dún 1974. Ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ ni látòkèdélẹ̀: Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì n'Ìbàdàn, ń wá ẹni tí yóò fi ṣe aya, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé sì ń jẹ nínú ìwàǹwára rẹ̀. Lójú ẹni tó kà á nígbà náà, ọ̀rọ̀ òní ni. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Àjàní.

Ọdún 1997 ni Túndé Kèlání tó sọ ọ́ di fíìmù alápá méjì ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Mainframe. Ọdún mẹ́tàlélógún ti kọjá. Ó lè fa ìtàn náà wá sí ayé tirẹ̀, kí Àjàní máa gbé nínú Nàìjíríà ìgbà Abacha. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dá wa padà sí ìgbà ìwé: ìró tí kò kọjá orúnkún, bùbá tí apá rẹ̀ kúrú tó sì fẹ̀, gèlè tí wọ́n wé bíi ti inú fọ́tò dúdú-àti-funfun. Àwọn ọmọge rí i, wọ́n tú àpótí ìyá wọn, wọ́n gbé aṣọ lọ bá télọ̀. Orúkọ ìwé di orúkọ aṣọ. Ní Kabba níbí, ẹni tí kò ka ìwé náà rí, tí kò sì wo fíìmù náà, á sọ fún aránṣọ pé kó bá òun rán ólekú, aránṣọ ò sì ní bi í pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ńlá ni, n kò ní tàbùkù rẹ̀. Àmọ́ aṣọ yẹn náà ló ba nǹkan jẹ́. Ohun tí Ìṣọ̀lá kọ bí ọ̀rọ̀ òní tó ń tani lára ti di àtijọ́ tó dùn ún wò. Nínú ìwé, Àjàní ò ní aṣọ tí yóò fi bojú. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló ní, bí mo sì ṣe ń ka ọ̀rọ̀ dídùn tó ń sọ fún ọmọbìnrin kan lẹ́yìn òmíràn, inú ń bí mi sí i ni. Nínú fíìmù, Yẹmí Ṣódìmú ni Àjàní. Ẹ̀rín rẹ̀ ti ń bá a tọrọ àforíjì kó tó ṣẹ̀. Òṣèré tó mọṣẹ́ ni, àṣejù iṣẹ́ rẹ̀ ló gba Àjàní sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹjọ́ tí ìwé pè é.

Ọ̀rọ̀ ohùn ló wá kàn wá jù nílẹ̀ Okun, níbi tí Kabba wà. Ọmọ tó ń gbọ́ ẹ̀ka-èdè Owé nílé, Yorùbá àjùmọ̀lò ló ń kà nílé ìwé. Àmọ́ bó bá dákẹ́ tó ń kàwé, ta ni yóò sọ fún un pé kí Àṣàkẹ́ má fọhùn bí àbúrò ìyá rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ìgbà tí fíìmù bá dé ni ohùn kan ṣoṣo tó gba gbogbo ilé. Ti Ó Le Kú ò dùn mí, torí Ìbàdàn ni ìtàn ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí fíìmù kan tí wọ́n fà yọ látinú ìwé ìtàn àròsọ, tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń kí ara wọn ní "Okun o".

Kò yà mí lẹ́nu: Kabba wà lábẹ́ Àríwá tẹ́lẹ̀, ó bọ́ sí Kwara lọ́dún 1967, ó di ti Kogi lọ́dún 1991. Ọ̀nà rẹ̀ jìn sí Èkó tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Ìlọrin la máa ń rìn lọ fún ọ̀rọ̀ ìjọba nígbà Kwara. Ìdí nìyẹn tí mo fi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ṣí ìwé ìtàn àròsọ Children of Blood and Bone, tí mo rí i pé orí omi òkun ni Tomi Adeyemi gbé Ìlọrin sí, tó sọ ọ́ di abúlé apẹja!

Ọdún 2018 ni ìwé yẹn jáde, wọ́n sì ti ra ẹ̀tọ́ fíìmù rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Ìwé Ìṣọ̀lá gbé lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé fún ogún ọdún ó lé kó tó di fíìmù. Ti Adeyemi, ẹnikẹ́ni ò tíì rà á lọ́jà tí wọ́n ti ń ná an fún Hollywood. Gina Prince-Bythewood, tó ti fi Ọ̀yọ́ ṣe ọ̀tá Dahomey nínú The Woman King, ló ń darí rẹ̀, wọ́n sì kéde pé oṣù Kìíní ọdún 2027 ni yóò jáde. Thuso Mbedu, ọmọ South Africa, ni Zélie, akọni ìtàn náà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kan fárígá: kí ló dé tí kò jẹ́ ọmọ wa?

Ìlú tí Mbedu ti wá ò dà mí láàmú. Ohun tí mo ń rò ni pé Yorùbá ni ọfọ̀ tí Zélie ń pè nínú ìwé náà. Lójú ìwé, ọmọ tí wọ́n bí sí London tàbí Amẹ́ríkà lè pè é bó ṣe wù ú nínú ọkàn rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Nínú fíìmù, ohùn òkè tó bá di ti ìsàlẹ̀, ọfọ̀ ti di ọ̀rọ̀ mìíràn, ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Kabba á sì gbọ́ ọ. Ẹnu Mbedu ni n óò máa fetí sí; iná àti idán, àwọn ọmọdé á bá mi wo ìyẹn.