Ẹ Má Sọ Chassé-croisé Di Òfin

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára tipẹ́. Níbi àpérò kan tí a ṣe láìpẹ́, ẹlẹgbẹ́ mi kan tí a jọ ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìtumọ̀ ka bébà sí wa létí. Ó ní bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lè ṣe chassé-croisé, kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe oníwúnrẹ̀n kan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n ń pè ní phrasal verb, tí kò ní lè túmọ̀ sí Faransé. Ó ya àtẹ ọlọ́fà sójú pátákó, ọfà kan kọrí sọ́tùn-ún, èkejì kọrí sósì, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́. Èmi ni mò ń ka iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba àtẹ yẹn gbọ́ ń kọ wá, mo sì mọ bí Faransé inú rẹ̀ ṣe rí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Jean-Paul Vinay àti Jean Darbelnet ni mò ń bá jà. Ará Faransé ni àwọn méjèèjì, Kánádà ni wọ́n ti ń kọ́ni, ìwé wọn tó jáde ní 1958, Stylistique comparée du français et de l'anglais, kò sì ní kúrò lórí tábìlì mi láéláé. Ọ̀nà ìtumọ̀ méje ni wọ́n tò síbẹ̀. Ẹ̀ka kan lára èyí tí wọ́n pè ní transposition ni chassé-croisé. Gẹ̀ẹ́sì a máa fi bí a ṣe rìn sínú ọ̀rọ̀-ìṣe, a sì fi ibi tí ìrìn náà darí sí sínú wúnrẹ̀n tó tẹ̀ lé e. Faransé a yí i po: ibi tí a lọ á bọ́ sínú ọ̀rọ̀-ìṣe, bí a ṣe lọ á bọ́ sẹ́yìn. Lucien Tesnière, onímọ̀ èdè ará Faransé, ti rí irú rẹ̀ láàárín Faransé àti èdè Jámánì, nínú ìwé tó jáde ní 1959 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníbébà kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Onímọ̀ èdè mìíràn, Leonard Talmy, ló wá fi ọ̀rọ̀ náà pín èdè ayé sí ìsọ̀rí. Ní ti Yorùbá tiwa, àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ti yanjú ẹ̀ fún wa: ó yọ́ jáde, ó sáré wọlé. Bí ó ṣe lọ àti ibi tó lọ, ọ̀rọ̀-ìṣe ni àwọn méjèèjì, ìkankan kì í ṣe ìrù èkejì. Bóyá ìdí nìyí tí etí wa fi lè gbọ́ ohun tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì àti ọmọ Faransé kì í tètè gbọ́ nínú èdè ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ tí Vinay àti Darbelnet fúnra wọn lò: Blériot flew across the Channel. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Blériot traversa la Manche en avion. Ìtumọ̀ náà pé, n kò ní yí lẹ́tà kan padà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló mú un pé? Àwọn ọlọ́fà yóò ní nítorí pé flew di en avion, across sì di traversa. N kò gbà. Ohun tó mú un pé ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1909. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni Louis Blériot gbéra ní ẹ̀bá Calais, tó balẹ̀ sí Dover lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 37, tó sì gba pọ́n-ùn 1,000 tí ìwé ìròyìn Daily Mail fi lélẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe é. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi gba la Manche, òkun tó wà láàárín ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọjá. Blanchard àti Jeffries ti fi bàlúùnù kọjá ní 1785. Matthew Webb ti lúwẹ̀ẹ́ kọjá ní 1875. Ẹnu kì í ya ẹnikẹ́ni mọ́ pé ènìyàn la òkun yẹn kọjá. Ọkọ̀ òfurufú ni ìròyìn. Faransé a máa fẹ́ kí ohun tuntun gbẹ̀yìn gbólóhùn, ibẹ̀ gan-an sì ni en avion bọ́ sí. Bí a bá sọ pé Webb traversa la Manche à la nage, ó bá a mu rẹ́gí fún ìdí kan náà, nítorí ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni aráyé ń pariwo.

Ẹ wá fi í wé I flew to Paris last week. Oníṣòwò tó ń sọ ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú, Paris ló ní òun lọ. Je suis allé à Paris la semaine dernière ti tó o. Bí o bá fi en avion kún un, ará Faransé yóò máa retí àlàyé: ṣé àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin daṣẹ́ sílẹ̀ ni, àbí ẹ̀rù ọkọ̀ òfurufú ló máa ń bà á tẹ́lẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì kò dá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni He walked into the office. Mo ti rí il entra dans le bureau en marchant lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọpọlọ wọn jí pépé, mo sì ti rí olùkọ́ tó fún un ní máàkì gidi nítorí pé ọfà méjèèjì pé. Ohun tí Faransé yẹn ń sọ ni pé ẹsẹ̀ ni ọkùnrin náà fi rìn wọ ọ́fíìsì, bí ẹni pé ẹṣin ni wọ́n ń retí pé kó gùn wọlé. Il entra dans le bureau ni ìtumọ̀ rẹ̀, ó parí.

Nítorí náà, kí atúmọ̀ tó gbé ọfà kankan, ó ní ìbéèrè kan tó gbọ́dọ̀ bi gbólóhùn tó wà níwájú rẹ̀: bí wọ́n ṣe rìn yìí, ṣé ẹni tó sọ ọ́ fẹ́ ká gbọ́ ọ, àbí Gẹ̀ẹ́sì kàn dì í mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe nítorí pé àṣà rẹ̀ nìyẹn? Nínú She tiptoed out of the room, ó fẹ́ ká gbọ́ ọ. Elle sortit de la pièce sur la pointe des pieds yóò gbé e jáde dáadáa. Faransé kì í ṣe tálákà níbi báyìí; ó ní à tâtons fún ẹni tó ń fọwọ́ wá ọ̀nà nínú òkùnkùn, ó ní à reculons fún ẹni tó ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ní d'un bond fún ẹni tó fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá kó wọn síta níbi tí kò yẹ ti ba ibi tí wọ́n ti yẹ jẹ́, torí òǹkàwé kò ní fura sí wọn mọ́.

Ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n lọ ka onímọ̀ èdè náà, Dan Slobin. Mo ti kà á. Slobin wo àwọn ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì tí a túmọ̀ sí èdè Spéènì, ìbátan Faransé nípa ọ̀rọ̀ yìí, ó sì rí i pé nǹkan bí ìdajì ọ̀rọ̀ nípa bí àwọn ènìyàn inú ìtàn ṣe ń rìn ni àwọn atúmọ̀ fi sílẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ mi pe èyí ní ọ̀lẹ. Mo bẹ̀ ẹ́, kó mú ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì kan, kó fi en marchant, en courant àti en grimpant kún ojú ewé kan ṣoṣo lédè Faransé, kó wá kà á sókè. Àwọn atúmọ̀ tó fi wọ́n sílẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Mo tiẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ mọ sórí ìrìn nìkan, bẹ́ẹ̀ wúnrẹ̀n mìíràn kò bá ìrìn tan. Give up, put off, carry out: renoncer, remettre, exécuter. Iṣẹ́ ìwé atúmọ̀-èdè nìyẹn, n kò ní dúró lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ wo Eat up your soup. Ohun tí up ń sọ ni tán tiwa, jẹ ẹ́ tán. Ìyá tó ń sọ Faransé yóò ní Finis ta soupe. Up di finis, àmọ́ níbo ni eat wọlé sí? Kò wọlé síbì kankan. Kí ni ọmọ ìbá tún fi ọbẹ̀ ṣe? Nínú He talked on ẹ̀wẹ̀, Il continua à parler, parler kò ṣeé fi sílẹ̀, nítorí ohun tí ènìyàn lè máa bá lọ pọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo ní ká bi gbólóhùn ló yanjú méjèèjì.

Wọ́n tún máa ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ Faransé kò gba wúnrẹ̀n. Bẹ́ẹ̀ Faransé àtijọ́ a máa fi sus, jus, fors àti ens tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe dáadáa. Courir sus à ṣì kù nílẹ̀ títí dòní. Àwọn Acadien tó ń sọ Faransé ní erékùṣù Prince Edward, ní Kánádà tí Vinay àti Darbelnet ti kọ ìwé wọn, ń sọ pé venir back, wọ́n yá back lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi sí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi í sí. Nínú Faransé tí ilé ẹ̀kọ́ ń kọ́ni pàápàá, He ran to the station kò ní í ṣe pẹ̀lú chassé-croisé: Il a couru jusqu'à la gare, courir dúró síbi tí run dúró sí. Ẹnu ọ̀nà ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Il a couru dans la maison sábà máa ń túmọ̀ sí pé inú ilé ló ti ń sáré kiri. Bí ó bá jẹ́ pé ó sáré wọlé ni, ẹ mú entrer wá.

Ẹ jẹ́ kí n mú gbólóhùn kan wá, èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tí mo fi ń kọ́ni: He ran out of the house, down the hill and across the bridge. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan, wúnrẹ̀n mẹ́ta. Faransé nílò ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta, ẹnu ọ̀nà àti afárá sì wà níbẹ̀, kò sí bí courir ṣe lè dá gbé gbogbo rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ lé àtẹ, a ó kọ́kọ́ ní Il sortit de la maison en courant, descendit la colline, traversa le pont. Kò burú, àmọ́ eré náà ti tán ní ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ọkùnrin náà fi máa dé orí òkè, ó ti ń rìn gbẹ̀fẹ́. Bí a bá tún en courant sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ojú yóò ti àwa fúnra wa. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan kọ ọ́ báyìí fún mi: Il sortit de la maison, dévala la colline et traversa le pont. Dévaler jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé díẹ̀ tó gbé méjèèjì pọ̀, ó sáré, ó sì sọ̀ kalẹ̀, láìní ìrù kankan. Ó wá fi í sí àárín, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ tí eré sì ti ń le sí i, eré náà sì tan dé ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn, ó tan dé orí afárá níwájú.

Ẹni tó kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò fi bírò pupa fa ìlà sí i, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé en courant dà, ó sì yọ máàkì kúrò. Mo fagi lé ohun tó kọ, mo dá gbogbo máàkì náà padà fún ọmọbìnrin yẹn.