Awọ Ara, Aṣọ-òkè àti Picture Control

Bí kámẹ́rà tuntun bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, kì í ṣe iye megapixel tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ ni mo máa ń wò. Inú menu ni mo máa ń gbà lọ tààrà, síbi tí Nikon ń pè ní Picture Control, tí Canon ń pè ní Picture Style. Ọ̀pọ̀ onífọ́tò ló ń fi kámẹ́rà DSLR jẹun fún ọdún gbọọrọ láìdé ibẹ̀ rí. Wọ́n gbà pé bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá náà ló yẹ kó wà. Èmi fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo ibi yòókù nínú kámẹ́rà lọ, torí ibẹ̀ ni mo ti ń sọ fún ẹ̀rọ náà irú ojú tí mo fẹ́ kó fi wo àwọn èèyàn mi.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí rẹ̀ mú un. Sensor inú kámẹ́rà kò mọ àwọ̀ kankan; ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń kà. Ọgbọ́n tó jẹ́ ká rí àwọ̀ níbẹ̀ ni ti Bryce Bayer, òṣìṣẹ́ Kodak tó gba patent rẹ̀ ní 1976. Wọ́n to àwọn asẹ́ tín-ín-tìn-ìn-tín bo ojú sensor: ìdajì wọn jẹ́ àwọ̀ ewé, ìlàrin jẹ́ pupa, ìlàrin yòókù jẹ́ búlúù. Ojú kọ̀ọ̀kan lórí sensor ń rí àwọ̀ kan péré. Kámẹ́rà ni yóò wá fi ìṣirò wá méjì yòókù, tí yóò sì tún pinnu bí pupa yóò ṣe pọ́n tó, ibi tí òkùnkùn yóò ti bẹ̀rẹ̀, àti bí etí nǹkan yóò ṣe mú tó. Kí JPEG kan tó dé orí káàdì, ìpinnu ti pọ̀ lórí rẹ̀. Bí àwa tí a di kámẹ́rà mú kò bá ṣe ìpinnu yẹn, ẹnjiníà kan tí kò rí ẹni tó wà níwájú wa ti bá wa ṣe é.

Láyé fíìmù, a ò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé-iṣẹ́ tó po kẹ́míkà fíìmù ló ti pinnu àwọ̀, lábù ló sì ń parí rẹ̀. Káàdì tí wọ́n ń pè ní Shirley, tí Kodak ń fi ránṣẹ́ sáwọn lábù láti àwọn ọdún 1950, gbé àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun kan. Awọ tirẹ̀ ni wọ́n fi ń wo bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò ti tò. Bí ojú obìnrin náà bá ti jáde dáadáa, ó parí. Bí ẹni dúdú bá wà nínú fọ́tò kan náà, ó lè jẹ́ eyín àti ẹyinjú rẹ̀ nìkan la máa rí. Bí ìgbà tí télọ̀ fi ìwọ̀n ẹlòmíì gé aṣọ fún wa ni: aṣọ náà á wọ̀, àmọ́ kò ní bá wa lára mu.

Ìdí nìyí tí inú mi fi ń dùn sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Lọ́dún 2005, Canon gbé Picture Style wọ inú EOS 5D. Lọ́dún 2007, Nikon gbé Picture Control dé pẹ̀lú D3 àti D300. Ti Nikon bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Standard, Neutral, Vivid àti Monochrome, Portrait àti Landscape sì ń bẹ pẹ̀lú wọn nínú àwọn kámẹ́rà tó tẹ̀ lé e; ìgbà tí D810 dé ní 2014 ni Flat di ara wọn. Canon ní Faithful, èyí tí wọ́n tò kó lè gbé àwọ̀ jáde bó ṣe rí gan-an lábẹ́ oòrùn tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 5200 Kelvin. Orúkọ lásán kọ́ làwọn nǹkan wọ̀nyí. Bí a bá ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, a ó bá àwọn ìtò mìíràn nínú: sharpening, contrast, saturation, hue. Nínú kámẹ́rà bíi D300, sharpening ń lọ láti 0 dé 9, àwọn mẹ́ta yòókù ń lọ láti −3 dé +3. Àlàfo yẹn kéré lójú, àmọ́ inú rẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Awọ ara ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí n tó dé ìdí ìtò kankan, mo gbọ́dọ̀ ti rí i pé ìmọ́lẹ̀ dé ojú ẹni tí mo fẹ́ yà, torí kò sí ìtò tó lè gba ojú tí ìmọ́lẹ̀ kò dé là. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan contrast. Standard máa ń fi contrast kún àwòrán díẹ̀ kó lè tètè wọ èèyàn lójú. Lára ẹni tó pupa, kò burú. Àmọ́ ẹ gbé adúmáadán síwájú lẹ́ńsì nínú oòrùn ọ̀sán, kẹ́ ẹ wò ó. Iwájú orí àti imú á tàn yòò, abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ ọrùn á ṣókùnkùn, gbogbo àwọ̀ tó wà láàárín méjèèjì á sì fún pọ̀ di ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀, àárín yẹn ni ẹwà dúdú wà. Awọ dúdú ní pupa nínú, ó ní àwọ̀ bàbà, ó sì ní ibi tí dídán rẹ̀ ti ń gba àwọ̀ ojú ọ̀run. Neutral tàbí Portrait ni mo máa ń mú ṣe ìpìlẹ̀, màá sì fa contrast wálẹ̀ sí −1. Ẹsẹ̀ kan péré yìí ló ń yọ ẹ̀gbẹ́ ojú jáde nínú òkùnkùn, tí ilà ojú àgbà fi ń hàn ketekete, tí ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti yí bọ́ sí àgbọ̀n fi ń rí roboto bó ṣe rí lójú wa.

Àwọn aṣọ-òkè wa tó lọ́lá jù ló kọ́ mi ní ìyókù. Àlàárì kọ́ mi ní saturation. Inú JPEG, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú pupa, ewé àti búlúù kò lè kọjá láti 0 dé 255. Àlàárì pọ́n débi pé pupa rẹ̀ ti sún mọ́ òkè téńté kí kámẹ́rà tó fi nǹkan kan kún un. Bí ẹ bá wá fi Vivid yà á, pupa á lu òkè ní 255, kò ní ibòmíì tó máa gbà mọ́. Fọ́nrán òwú tó tàn díẹ̀ àtèyí tó ṣú díẹ̀ á di ohun kan náà, iṣẹ́ tí ahunṣọ ṣe nídìí òfì á pa rẹ́, ọ̀dà pupa kan ṣoṣo la ó sì rí lára ìyàwó tó wọ̀ ọ́. Bí mo bá fa saturation wálẹ̀ sí −1, òwú á tún yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò kì í fi ojú lásán gbà pé ó ti dáa: mo máa ń ṣí histogram aláwọ̀ mẹ́ta, àwòrán tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín láti òkùnkùn lápá òsì dé ìmọ́lẹ̀ lápá ọ̀tún hàn, kí n wo ti pupa bóyá ó ti gbá ògiri apá ọ̀tún.

Ẹtù kọ́ mi ní hue. Nínú kámẹ́rà Nikon, bí a bá gbé hue sókè, pupa á máa lọ sí àwọ̀ ọsàn, ewé á máa lọ sí búlúù, búlúù á sì máa lọ sí elésè-àlùkò. Ó máa ń wu èèyàn láti gbé e sókè díẹ̀ nítorí awọ ara, torí ojú tó bá pọ́n jù á tutù, á gba wúrà díẹ̀. Àmọ́ bí bàbá ìyàwó bá wọ agbádá ẹtù, òwú tí wọ́n rẹ sínú aró léraléra títí tó fi sún mọ́ dúdú, ìgbésókè kan náà á gbé aró náà kúrò nípò rẹ̀. Ẹni tó mọ ẹtù á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé aṣọ yìí kọ́ ni bàbá wọ̀ wá. Nítorí náà, mo máa ń fi hue sílẹ̀ sí 0 níbi tí ẹtù bá wà, màá sì fi white balance tún ojú ṣe.

White balance kò sí nínú Picture Control, ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, àmọ́ wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Sányán ló ń sọ òótọ́ nípa rẹ̀ fún mi. Búráùn fẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò ní àwọ̀ líle kan tó lè fi bo àṣìṣe. Lábẹ́ kánópì aláwọ̀ búlúù, á tutù bí eérú. Lábẹ́ gílóòbù ayé àtijọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ wà ní nǹkan bí 3000 Kelvin, á pọ́n bí pupa inú ẹyin. Mo máa ń gbé bébà funfun síbi tí ìmọ́lẹ̀ kan náà ti ń bọ̀ sára àwọn èèyàn, kí kámẹ́rà fi í mọ ohun tí funfun jẹ́ ní ibẹ̀ yẹn. Bí sányán bá ti padà sí àwọ̀ rẹ̀, mo mọ̀ pé ojú àwọn tó wọ̀ ọ́ náà ti padà.

Ní ti sharpening, ohun tó yẹ ká mọ̀ ni pé kò lè fún wa ní ohun tí lẹ́ńsì kò rí. Ohun tó ń ṣe ni pé, níbi tí nǹkan méjì ti pààlà, á mú ẹ̀gbẹ́ tó dúdú dúdú sí i, á mú ẹ̀gbẹ́ tó mọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i. Lára gèlè tó le gbandi àti léèsì oníhò, èyí dùn ún wò. Lójú ìyá àgbà, ó ń sọ ihò ara kọ̀ọ̀kan di kòtò. Mo máa ń fi sí àárín, kò ju 4 lọ níbi tí ojú èèyàn bá ti jẹ́ kókó.

Ẹnìkan lè ní kí ló dé tí mo fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí nígbà tí RAW wà, ìyẹn fáìlì tó gbé ohun tí sensor kà kí kámẹ́rà tó sọ ọ́ di JPEG. Òótọ́ ni pé Picture Control kì í fọwọ́ kan data inú RAW. Ìtọ́ka ló jẹ́ níbẹ̀, a lè pààrọ̀ rẹ̀ nígbàkúùgbà. Òótọ́ sì ni pé RAW oní-bit 14 ní ipele 16,384 fún ìmọ́lẹ̀, tí JPEG oní-bit 8 ní 256. Èmi náà ń ya RAW. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ro ti òde aríyá wa. Àlejò ti ń palẹ̀ mọ́, ọmọṣẹ́ ti gba káàdì, ó ti sáré lọ sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò tó so mọ́ jẹnẹrétọ̀, fọ́tò gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì lẹ́nu géètì kí ẹni tó wà nínú fọ́tò náà tó wọ mọ́tò. Kò sí àyè láti jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ohun tí kámẹ́rà bá ti pinnu ni ìyá máa gbé lọ sílé, tó máa fi sínú álíbọ́ọ̀mù, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ máa wò. Àwọn tí kò sì fi nǹkan mìíràn ya àwòrán ju RAW lọ náà kò bọ́ lọ́wọ́ Picture Control, torí àwòrán tó ń hàn lẹ́yìn kámẹ́rà àti histogram tó wà níbẹ̀, láti inú JPEG tó gba ìtò náà ni wọ́n ti wá. Bí Vivid bá wà níbẹ̀, histogram lè sọ pé pupa ti kún nígbà tí àyè ṣì wà nínú RAW. Neutral sún mọ́ òótọ́ jù ú lọ.

Mo ní ìfẹ́ pàtàkì sí Monochrome. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí wọ́n bí ní 1930, tó kú ní 2014, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, ó sì ya nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan àwòrán irun bẹ́ẹ̀, ní dúdú àti funfun. Ẹni tó bá ti wo àwọn iṣẹ́ yẹn mọ̀ pé dúdú irun, dúdú awọ ọrùn àti dúdú òjìji kò papọ̀ rárá. Inú Monochrome, kámẹ́rà fún wa ní filter aláwọ̀ ìyeyè, ọsàn, pupa àti ewé. Pupa àti ọsàn ń mú awọ wa mọ́lẹ̀ sí i, torí pupa pọ̀ nínú rẹ̀. Ewé ń mú un jinlẹ̀ sí i. Filter pupa kan náà á mú aró àdìrẹ ṣókùnkùn, tí ọnà funfun inú rẹ̀ á fi yọ síta. Bí a bá fẹ́ ya irun kíkó, a ní láti kọ́kọ́ pinnu bóyá irun la fẹ́ kó sọ̀rọ̀ ni, àbí ọrùn tó gbé e.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn ètò yìí tayọ gbogbo rẹ̀ ni pé a lè fi lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Nikon fún wa ní àyè láti C-1 dé C-9 láti fi ìtò tiwa pamọ́ pẹ̀lú orúkọ tó bá wù wá. Canon fún wa ní mẹ́ta. Nikon tún gbà ká dà á kọ sórí káàdì, ká gbé e sínú kámẹ́rà mìíràn. Ọmọṣẹ́ tó bá kúrò lọ́dọ̀ mi máa ń gbé ìtò mi lọ, bí mo ṣe máa ń kọ́ ọ ní bí èèyàn ṣe ń dúró àti bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tí a ń yà. Mo sì máa ń sọ fún un pé kó yí i padà bí ojú tirẹ̀ bá ti dá a lójú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ báyìí, ẹ má ra lẹ́ńsì mìíràn kẹ́ ẹ tó ṣe èyí. Ẹ pe ẹnìkan tó sún mọ́ yín, kó dúró lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ ya á pẹ̀lú Standard, pẹ̀lú Neutral, pẹ̀lú Portrait, kẹ́ ẹ sì fa contrast wálẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ sórí bébà, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà, kẹ́ ẹ sì yan èyí tó jọ ọ́. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ fi pamọ́ sí C-1.