Ìlẹ̀kẹ̀ Kì Í Sín Ara Rẹ̀

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì a máa wí pé àwọn horo kéékèèké inú omi ń to ara wọn lẹ́sẹẹsẹ bí omi náà ti ń gbẹ. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ọwọ́ ènìyàn kò mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni J. V. Sanders rí nínú òkúta opal ní Ọsirélíà ní 1964. Òun ni ó fún òkúta náà ní àwọ̀ tí ń kọ mànà. Ṣùgbọ́n ní 1992, Denkov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Japan pé omi ni ó ń ṣiṣẹ́: ó ń fa horo mọ́ horo, ìṣàn rẹ̀ sì ń kó òmíràn wá.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ya àwòrán pẹ̀lú wọn yóò kọ́kọ́ pín ojú gíláàsì: apá kan tí omi lè tẹ́ sí, apá kan tí omi kò lè lẹ̀ mọ́, bí ojú ewé kókò. Ibi tí omi bá gbà ni horo ń gbà.

Nítorí náà, bí Yorùbá yóò bá sọ iṣẹ́ yìí lórúkọ, “àtò-ara-ẹni” kò tó. Orúkọ tí ó gbàgbé omi àti ọwọ́ tí ó darí rẹ̀ ti gba iyì lọ́wọ́ oníṣẹ́.