Osùká Láàárín Irin Méjì

Kì í ṣe irin nìkan ló ń gbé ọkọ̀ gun òkè. Ẹ wo abẹ́ Land Rover Discovery ẹlẹ́ẹ̀kejì, èyí tí wọ́n ṣe ní Solihull nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1998 títí di 2004, tí àwọn kan nínú wọn sì ti di tòkunbọ̀ lójú títì wa. Ọ̀pá pùròpẹ́là gígùn kan ló ń gba agbára ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ jíà, tó ń gbé e lọ fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀pá náà ti fẹ́ kan dífúrẹ́ńṣà, irin kò kan irin. Rọ́bà dúdú kan ló dúró sáàárín wọn. Ó rí róbótó, ó nípọn, ihò mẹ́fà sì yí i ká.

Nínú ihò kọ̀ọ̀kan ni páìpù irin kékeré wà tí bóòtù ń gbà kọjá. Bóòtù mẹ́ta ló di rọ́bà náà mọ́ pùròpẹ́là, mẹ́ta yòókù ló dì í mọ́ dífúrẹ́ńṣà. Bí ọ̀kan bá ti jẹ́ ti iwájú, èyí tó tẹ̀ lé e á jẹ́ ti ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò yípo. Kò sí bóòtù kan ṣoṣo tó so ìhà méjèèjì pọ̀. Gbogbo agbára tó bá máa dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, inú rọ́bà ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Iṣẹ́ yìí kò sì kéré: bí táyà bá yí lẹ́ẹ̀kan péré, pùròpẹ́là ti yí ní ìgbà 3.54. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, rọ́bà yẹn ń yí ju ìgbà 2,500 lọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Osùká ni mo rí i sí. Osùká kì í sọ ẹrù di fífúyẹ́, kì í sì í bá orí ru ú. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ẹrù dun orí. Bí awakọ̀ bá ki jíà bọ̀ ọ́, tó tẹná mọ́ ọn, agbára kì í rọra dé, ńṣe ló máa ń já lu ọ̀pá. Rọ́bà á kọ́kọ́ lọ́ díẹ̀, á gba ìlù yẹn sára, lẹ́yìn náà ni á wá tì í síwájú. Eyín jíà kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Ohun tó bá ń jìyà fún ẹlòmíì, àárẹ̀ á mú un níjọ́ kan. Etí àwọn ihò ni ìlà wẹ́wẹ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá yá, awakọ̀ á máa gbọ́ "gbì" nígbàkúùgbà tó bá ki jíà, ilẹ̀ ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n lórí eré. Bí ọ́ìlì bá ń jò láti ẹnu dífúrẹ́ńṣà sórí rẹ̀, rọ́bà á wú, á rọ̀, ọjọ́ rẹ̀ á sì túbọ̀ kúrú.

Pípààrọ̀ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ agbára, iṣẹ́ ọgbọ́n ni. Kí ọ̀gá tó mọṣẹ́ tó jẹ́ kí ọmọṣẹ́ fọwọ́ kan sípánà, á ní kó fi igi há àwọn táyà. Ìdí ni pé háńbúréèkì ọkọ̀ yìí kì í di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú ní tààrà. Ẹ̀yìn àpótí jíà ló wà, pùròpẹ́là ló sì ń dì mú. Ẹni tó bá tú pùròpẹ́là kúrò ti tú háńbúréèkì náà kúrò nìyẹn, ọkọ̀ sì lè yí lórí ẹni tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀gá á fi kun funfun fa ìlà láti ara ọ̀pá dé ojú dífúrẹ́ńṣà, kí gbogbo rẹ̀ lè padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀tì tuntun ló sì máa ń lò, torí èyí tó ní ike nínú kì í di bóòtù mú dáadáa mọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ibi tó wù mí jù nínú iṣẹ́ náà ni ìdì ìkẹyìn.

"Ọ̀gá, ṣé kí n máa yí orí bóòtù yìí ni?"

"Má yí i o! Di ìyẹn mú gírígírí. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ni kí o yí."

Ọ̀gá kò jayò pa. Bí ìhà tó tẹ̀ mọ́ rọ́bà bá ń yí, á fa páìpù kékeré inú ihò yí, páìpù á sì lọ́ rọ́bà. Rọ́bà tí wọ́n lọ́ lọ́rùn lọ́jọ́ tí wọ́n dè é, àárẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìhà irin ni wọ́n yí, bóòtù á le, rọ́bà á sì wà jẹ́jẹ́ bó ṣe wà.

Rọ́bà ti sú àwọn kan, wọ́n ti fi kúróòsì, ìyẹn oríkèé onírin, rọ́pò rẹ̀, wọ́n ní irin ló ń tọ́jọ́. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wo pùròpẹ́là iwájú ọkọ̀ kan náà. Kúróòsì ló wà lára tiẹ̀, èyí tó bá a dé láti iléeṣẹ́ kò sì ní ojú tí wọ́n lè gbà fún un ní gíríìsì. Ó lè gbẹ nínú, kí ojú ìta rẹ̀ máa dán. Lọ́jọ́ tó bá já, ọ̀pá tó ń fì kiri lè fọ́ àpótí jíà. Rọ́bà kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fúnni. Ó máa ń fi àìsàn rẹ̀ hàn lójú tipẹ́tipẹ́ kó tó kú. Nítorí náà, rọ́bà ni n óò yàn. Bí wọ́n bá ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí wọ́n wo etí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò ju ìyẹn lọ.