Ayimolou Òwúrọ̀ ní Djidjolé

Àlejò tó bá dé Lomé, kó tètè jí, kó gba àdúgbò Djidjolé kọjá kó lè rí ayimolou, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀. Ẹ̀wà ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé kaná. Ó di ìgbà tó bá fẹ́ rọ̀ kí ìrẹsì tó wọlé. Ọwọ́ àwọn ìyá tó ń sè é wù mí gan-an: ẹ̀wà ò fọ́, ìrẹsì ò di ẹ̀kọ. Wọ́n á da ata dúdú tí wọ́n dín gbẹ lé e, wọ́n á fi gàárì, sùpàgẹ́tì àti ẹyin sí i. Àwọn ará Jàpáánì náà ń se ìrẹsì mọ́ ẹ̀wà pupa, oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní sekihan, ṣùgbọ́n ọjọ́ ayẹyẹ ló sábà máa ń jẹ́. Ti Lomé, ojoojúmọ́ ni, fún ọlọ́kadà àti ọmọ iléèwé.